Bí A Ti Í Rán Kọ̀ǹpútà Ní Iṣẹ́ Ìṣirò

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n fi èyí kọ́ wa ni pé ẹni tí a rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ lo làákàyè rẹ̀. Bí ẹni tí ó rán an bá gbàgbé ohun kan, òun ni kí ó rántí. Bí ọ̀rọ̀ tí a fi rán an bá le jù, òun ni kí ó tún un sọ kí ó lè dùn létí ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Ọmọ tí a rán lọ ra iyọ̀, tí ó bá ilẹ̀kùn oníyọ̀ ní títì, kò ní dúró síbẹ̀ di alẹ́. Yóò lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, tàbí kí ó padà wá sọ fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ kan wà ní ayé òde òní tí kò lè fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́. Bí a bá rán an ní iṣẹ́ ẹrú, iṣẹ́ ẹrú náà gan-an ni yóò jẹ́, kò ní fi kún un, kò ní yọ kúrò nínú rẹ̀. Orúkọ ìránṣẹ́ náà ni kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà yára ju ènìyàn lọ lọ́nà tí ó ya ni lẹ́nu. Kí a tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ti lè ṣe ìròpọ̀ tí iye rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Kì í sùn, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í kùn. Síbẹ̀, kò mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó rán an. Ní ọdún 1843, obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Ada Lovelace kọ àlàyé gígùn nípa ẹ̀rọ ìṣirò kan tí Charles Babbage ń gbèrò láti ṣe. A kò parí ẹ̀rọ náà títí àwọn méjèèjì fi kú, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti rí i láti ìgbà náà pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní lè dá nǹkan rò fún ara rẹ̀. Kìkì ohun tí àwa bá mọ bí a ti í pa láṣẹ fún un ni yóò lè ṣe. Lónìí tí a rí kọ̀ǹpútà tí ń bá ènìyàn fọ̀rọ̀ wérọ̀ pàápàá, ètò ìṣirò tí a bá fi ọwọ́ ara wa kọ fún un kò tíì yí ìwà yìí padà.

Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé, bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ti í kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ohun tí olùkọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ gbé fún un ni pé kí ó kọ ètò kéékèèké fún ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn a máa fi ojú tẹ́ḿbẹ́lú iṣẹ́ yìí. A máa wí nínú ara rẹ̀ pé, "Ṣé ohun tí mo ti mọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ mi?" Kò mọ̀ pé ìṣirò kọ́ ni a ń kọ́ òun. Ohun tí a ń kọ́ ọ ni bí a ti í rán ẹni tí kò mọ nǹkan kan níṣẹ́, tí iṣẹ́ náà yóò sì ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní lè ṣì í jẹ́.

Oríṣiríṣi èdè ni a lè fi pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Èyí tí a ó lò nínú àlàyé yìí ni Python, tí Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ìparí ọdún 1989, tí ó sì kọ́kọ́ gbé jáde fún aráyé ní ọdún 1991. A yàn án nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀, kò sì ṣòro fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ro nọ́ńbà méjì pọ̀ fún wa nígbàkígbà tí a bá pè é, ohun tí a ó kọ nìyí:

def ropo(a, b):
    return a + b

Ìlà méjì péré ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú wọn. Àṣẹ tí a dì jọ tí a sì fún ní orúkọ báyìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní function. Ẹ jẹ́ kí a wò ó bí ẹni pé ọmọ-ọ̀dọ̀ kan ni a gbà sílé. Ọ̀rọ̀ náà def ni a fi sọ fún kọ̀ǹpútà pé ọmọ-ọ̀dọ̀ tuntun dé. Ropo ni orúkọ tí a sọ ọ́. A àti b ni ẹrù tí a ó máa kó lé e lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ń lọ. Ohun tí ó bá sì tẹ̀ lé return ni yóò gbé bọ̀ wá fún wa. Àlàfo tí ó wà níwájú ìlà kejì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni ó fi hàn pé ìlà náà jẹ́ ara iṣẹ́ ropo, bí a bá sì gbàgbé rẹ̀, Python yóò kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Bí a bá wá kọ ropo(8, 5), a ti kó 8 àti 5 lé ìránṣẹ́ wa lọ́wọ́. 13 ni yóò gbé bọ̀.

Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́kọ́ kọsẹ̀. Wọn a máa kọ print sí ibi tí ó yẹ kí wọ́n kọ return sí. Iṣẹ́ print ni láti fi ìdáhùn hàn lójú kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò rí 13, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fẹ́ mú 13 náà kí ó fi ṣe ìṣirò mìíràn, kò ní rí i mú. Ìránṣẹ́ rẹ̀ ti kígbe ìdáhùn ní àárín ọjà, ó sì ti padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ohun tí Python yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni None, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Bí a bá ti mọ ropo, àwọn mẹ́ta yòókù kò jìnnà mọ́. Àmì ìyọkúrò ni -, àmì ìsọdipúpọ̀ ni *, àmì pínpín sì ni /. Ṣùgbọ́n kí a kíyè sí bí a ti ń to nọ́ńbà lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́. Nínú ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀, èyíkéyìí tí ó bá ṣáájú, ìdáhùn kan náà ni yóò jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ìyọkúrò àti pínpín. Ẹni tí ó ní náírà 10, tí ó ná 4 nínú rẹ̀, yóò ní 6 lọ́wọ́. Ẹni tí ó ní 4, tí ó ná 10, ti jẹ gbèsè 6, èyí tí kọ̀ǹpútà yóò kọ báyìí: -6. Nọ́ńbà kan náà ni a lò fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ní owó lápò, èkejì sì ń sá fún olówó.

Ẹ̀wẹ̀, bí ìṣirò tí ó wà lórí ìlà kan bá ju ẹyọ kan lọ, kọ̀ǹpútà mọ èyí tí yóò ṣáájú. Yóò ṣe ìsọdipúpọ̀ àti pínpín kí ó tó ṣe ìròpọ̀ àti ìyọkúrò, àfi bí a bá fi àmì àkámọ́ sọ fún un pé kí ó ṣe òmíràn ná. Nítorí náà 2 + 3 * 4 jẹ́ 14, ṣùgbọ́n (2 + 3) * 4 jẹ́ 20. Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá, nítorí òǹkà wa kún fún irú ètò bẹ́ẹ̀. Kí ni a ń pè ní àádọ́ta? Ogún lọ́nà mẹ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀ ni. Kí ni a ń pè ní márùndínláàádọ́ta? Àádọ́ta náà ni, tí a tún yọ márùn-ún kúrò. Bí a bá kọ 20 * 3 - 10 - 5 fún Python, 45 ni yóò mú wá. Ọmọ tí ó bá ń ka òǹkà Yorùbá ti ń ṣe ìsọdipúpọ̀ àti ìyọkúrò lẹ́nu láìfura.

Ohun mìíràn tún wà tí ń da olùbẹ̀rẹ̀ láàmú. Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀, tí onítọ̀hún sì tẹ 5, tí ó tún tẹ 7, ropo lè mú 57 wá dípò 12. Orí rẹ̀ kò dàrú. Ohunkóhun tí a bá tẹ̀ fún Python lọ́nà bẹ́ẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ni ó ń gbà á, kì í ṣe bí nọ́ńbà. Bí a bá sì fi + sí àárín ọ̀rọ̀ méjì, síso ni yóò so wọ́n pọ̀. A gbọ́dọ̀ fi àṣẹ tí ń jẹ́ int sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di nọ́ńbà kí a tó fi wọ́n rán ropo níṣẹ́.

Nínú iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pínpín ni ó gba ìrònú jù. Bí a bá fẹ́ pín ọsàn 17 fún ọmọ 5, ìdáhùn mẹ́ta ni ó wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tọ̀nà ní ipò tirẹ̀. 17 / 5 jẹ́ 3.4. 17 // 5 jẹ́ 3, èyí tí í ṣe odidi tí yóò kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. 17 % 5 jẹ́ 2, èyí tí í ṣe àṣẹ́kù. Bí ó bá jẹ́ epo ni à ń pín, ìdáhùn kìn-ín-ní dára, nítorí epo ṣeé dà sínú ìgò títí dé ibi tí a bá fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ewúrẹ́ ni, kò sí ẹni tí yóò fa ewúrẹ́ mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá lọ sílé. Ẹni tí ó ń kọ ètò ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá epo ni òun ń pín tàbí ewúrẹ́. Kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀ ọ́n fún un.

Àṣẹ́kù yìí wúlò ju bí a ti lè rò lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, yóò tún bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ márùn-ún ni àwọn baba wa kà láti Ajé dé Ẹtì, nítorí wọ́n ka ọjọ́ Ajé fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni ilẹ̀ mọ́ láàrin ọjọ́ méjèèjì. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ ọjà, tí a sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọjọ́ kan tí ń bọ̀ yóò jẹ́ ọjọ́ ọjà, a ó ka iye ìgbà tí ilẹ̀ yóò mọ́ kí ọjọ́ náà tó dé, a ó sì wo ohun tí yóò ṣẹ́kù bí a bá fi 4 pín in. 28 % 4 jẹ́ 0. Ọjà yóò wà. 30 % 4 jẹ́ 2. Ó ti di ọjọ́ méjì tí ọjà ti kọjá. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọrún, tí ó sì yára kọ 5 sínú ètò rẹ̀, yóò rán àwọn alájàpá lọ sí ọjà tí ó ṣófo pẹ̀lú ẹrù lórí wọn. Ọmọ tí a bí sílé yóò bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ ka òní mọ́ ọn?" Kọ̀ǹpútà kò ní bi í.

Ìpín kan wà tí kò ní ìdáhùn rárá. Bí a bá ní ọsàn 12, tí kò sì sí ọmọ kan láti pín in fún, mélòó ni yóò kan ọmọ kọ̀ọ̀kan? Ìbéèrè náà kò ní ìtumọ̀. Bí a bá kọ 12 / 0, Python yóò dá iṣẹ́ dúró, yóò sì kọ ZeroDivisionError síta. Kò yẹ kí inú bí wa sí i, nítorí ìránṣẹ́ tí ó padà wá sọ pé iṣẹ́ kò ṣeé jẹ́ sàn ju èyí tí ó parọ́ lọ. Ohun tí ó yẹ wá ni pé kí a ti ronú nípa òdo kí ó tó dé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1997, ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ USS Yorktown wà ní etíkun ìpínlẹ̀ Virginia. Kọ̀ǹpútà ni a fi ń darí àwọn ẹ̀rọ inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà tẹ òdo wọlé níbi tí kò yẹ kí òdo wà. Ètò tí ó gba òdo náà lọ fi í pín nọ́ńbà mìíràn. Iṣẹ́ àwọn kọ̀ǹpútà dàrú, ẹ̀rọ tí ń ti ọkọ̀ náà síwájú kú, gbogbo ọkọ̀ ńlá náà sì dúró gbagidi lórí omi fún ohun tí ó ju wákàtí méjì lọ. Bí a bá fẹ́ ṣọ́ra fún irú rẹ̀, ìlà méjì péré ni a ó fi kún iṣẹ́ tí a rán pin:

def pin(a, b):
    if b == 0:
        return None
    return a / b

Ohun tí a wí ni pé: "Kọ́kọ́ wo b. Bí ó bá jẹ́ òdo, má ṣe pín rárá, padà wá sọ pé kò sí ìdáhùn." Ẹ kíyè sí i pé a kò ní kí ó mú òdo wá. Òdo jẹ́ nọ́ńbà bí àwọn yòókù. Ẹni tí a bá fún ní òdo yóò rò pé ìdáhùn tòótọ́ ni, yóò sì gbé e lọ sínú ìṣirò mìíràn.

Ṣé gbogbo nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà bá gbé bọ̀ ni ó pé géérégé? Rárá o. Bí a bá kọ ropo(0.1, 0.2), ohun tí a ó rí ni 0.30000000000000004. Mẹ́wàá-mẹ́wàá ni àwa ń to nọ́ńbà, ṣùgbọ́n méjì-méjì ni kọ̀ǹpútà ń tò ó, nítorí pé 0 àti 1 nìkan ni ó ní. Gẹ́gẹ́ bí àwa kò ti lè kọ ìdá kan nínú mẹ́ta tán, tí a ń kọ 0.3333 lọ láìlópin, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kò lè kọ ìdá kan nínú mẹ́wàá tán. Ó di dandan kí ó gé e níbì kan, ohun tí ó gé sọnù a sì di àṣìṣe kékeré.

Àṣìṣe kékeré yìí ti pa ènìyàn rí. Nígbà ogun tí a jà ní àgbègbè Gulf, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ Patriot kalẹ̀ ní Dhahran ní ilẹ̀ Saudi Arabia, láti máa fi ba rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn ọ̀tá jẹ́ lójú ọ̀run. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ni aago inú ẹ̀rọ náà fi ń kà, ìdá náà gan-an ni a sì gé kù nínú ètò ìṣirò rẹ̀. Ohun tí a gé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1991, ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 100 láìsinmi, àṣìṣe náà sì ti kó jọ di nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú-àáyá. Láàrin àkókò bẹ́ẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ń bọ̀ lè rìn ju ààbọ̀ kìlómítà lọ. Ẹ̀rọ náà wo ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì kò sí. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà bọ́ sórí ilé tí àwọn ọmọ ogun ń gbé, 28 nínú wọn sì kú. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yìí kò ní fi ìròpọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Báwo wá ni ó ṣe yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ máa fi iṣẹ́ yìí dánra wò? Èkíní, kí ó mú ìwé àti gègé, kí ó sì ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀ kí ó tó bi kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò mọ iye tí ó yẹ kí ọmọ-ọ̀dọ̀ mú bọ̀ láti ọjà kò lè mọ̀ bí ó bá mú un dín. Èkejì, kí ó má ṣe fi nọ́ńbà tí ó rọrùn nìkan dán ètò rẹ̀ wò. Kí ó fi 8 àti 5 dán an wò, kí ó fi òdo dán an wò, kí ó fi nọ́ńbà gbèsè bíi -6 dán an wò, kí ó sì fi ìdá bíi 0.1 dán an wò. Ẹ̀kẹta, bí ìdáhùn kọ̀ǹpútà bá yàtọ̀ sí tirẹ̀, kí ó má ṣe yára dá ẹ̀bi fún ẹ̀rọ, kí ó má sì ṣe pa ohun tí ó kọ rẹ́ kí ó tó mọ ìdí rẹ̀. Kí ó ka àṣẹ tí ó kọ lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹni pé òun gan-an ni ìránṣẹ́ tí kò mọ nǹkan kan. Níbẹ̀ ni yóò ti rí ọ̀rọ̀ tí ó gbàgbé láti sọ.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ètò tí ń ka owó ní ilé ìfowópamọ́, èyí tí ń darí ọkọ̀ òfuurufú, èyí tí ń wọn oògùn fún aláìsàn, láti inú irú ìṣirò kéékèèké báyìí ni a ti kọ́ gbogbo wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé yìí, lára yín ni àwọn tí yóò kọ irú àwọn ètò bẹ́ẹ̀ yóò ti jáde. Ẹ jẹ́ kí ó mọ́ yín lára láti ìsinsìnyí pé kí ẹ ro iṣẹ́ tán kí ẹ tó rán an. Ìránṣẹ́ tí ẹ ó máa rán kò ní fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ yín; nítorí náà ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ má ṣe fi tẹrú rán an.